Ilẹ̀kùn Tí Mi Ò Kàn

Ilé tí mo gbé ní Agége láyé Sáàpù, nígbà tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ní yàrá mẹ́wàá, márùn-ún kọjú sí márùn-ún. Èmi nìkan ni mo ń gbé yàrá tèmi. Mi ò tíì lọ́kọ nígbà náà, mi ò sì bímọ, ṣùgbọ́n mo ní aago kékeré kan tó máa ń dún láàárọ̀. Kò sí irú rẹ̀ nínú àwọn yàrá tó kù.

Obìnrin mẹ́rin nínú ilé náà ń ṣiṣẹ́ kásúà, iṣẹ́ ojoojúmọ́ tí kò dájú, pẹ̀lú mi níléeṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ọgbà. Aago mẹ́fà ni wọ́n ń ti géètì. Kásúà tó bá pẹ́, wọ́n á mú ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lára àwọn tó ń dúró níta, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Nítorí náà, bí aago mi bá ti dún ní mẹ́rin ààbọ̀, màá kan ilẹ̀kùn àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́ta. Ìyá kan nínú àwọn mẹ́rin náà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí yàrá wọn kọjú sí tèmi, máa ń dáhùn láti inú pé, "A jíire o, àbúrò mi." A ó dúró de ara wa lẹ́nu ọ̀nà, a ó sì jọ fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìgbà yẹn nìkan ni mo ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lóòjọ́, torí ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ ká gbọ́ra wa lẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí nǹkan wọ́n, ọ̀kan nínú wọn ní kí n máa gba nǹkan kékeré lọ́sẹ̀. Ó ní omi kànga ti di títà, ilé ìgbẹ́ ọjà náà ti ń gbowó, èwo ni ti jíjí tó máa jẹ́ ọ̀fẹ́. A rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó mú owó wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, mo gbà á, mo sì gba tàwọn yòókù.

Kò pẹ́ tí ohùn yí padà. Bí mo bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, àwọn mẹ́ta á bi mí pé kí làwọn ń sanwó fún. Wọn kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Wọ́n ti sanwó jíjí. Bí wọ́n bá ti jí, wọ́n á lọ. Ìyá nìkan ló ṣì ń dúró dè mí.

Lọ́sẹ̀ kan, ọmọ ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ náà ṣàìsàn, ìyá ò sì rówó fún mi. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn wọn, mo gbọ́wọ́ sókè. Mo rò ó pé bí mo bá kàn án, àwọn tó sanwó á ní kí n dá tàwọn padà. Mo rọra sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo kọjá.

Mo ti wà nínú ọgbà iléeṣẹ́ nígbà tí mo rí ìyá láàárín irin géètì, gèlè lọ́rùn, tí wọ́n ń bẹ fọ́mánì. Obìnrin mìíràn ti wọlé.

Nírọ̀lẹ́, mo lọ kúnlẹ̀ fún wọn. Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. Wọn ò gbóhùn sókè.

"Dìde. O ò jẹ mí ní nǹkan kan. Ṣé mo sanwó ni?"

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá ní àwọn ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mọ́tò ìdájí làwọn fẹ́ wọ̀. Mo ní màá jí wọn. Ní mẹ́rin ààbọ̀, mo kan ilẹ̀kùn wọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn ò sọ pé a jíire. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wọn, lẹ́yìn náà ni owó bébà kan yọ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn, iye tí mo ń gbà lọ́sẹ̀ gan-an.

Mi ò mú un. Mo dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi kù díẹ̀ kí n pẹ́, lẹ́yìn náà mo dá rìn lọ sí Ọgbà. Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, yàrá wọn ti ṣófo. Owó náà ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.