Ibùsùn Méjì fún Alága

Àǹtí Bogumiła kì í bá èèyàn jà. Dídúró de àsìkò ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ọdún kọkànlélógún rẹ̀ rèé lójú fèrèsé kẹrin ní ibùdókọ̀ rélùwéè Kraków, níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá ń lọ sí Prague, Berlin tàbí Vienna. Àwa yòókù, ti inú orílẹ̀-èdè wa nìkan là ń tà. Fèrèsé karùn-ún ni tèmi, pátákó tín-ín-rín ló là wá láàárín, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń sọ tí mi ò gbọ́.

Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ọ̀gbẹ́ni Kurek, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọgbà ní àdúgbò Àǹtí, gé igi ápù tí ọkọ Àǹtí gbìn kó tó kú. Ẹ̀ka kan ló yọ sójú ọ̀nà, kò ju ìka mẹ́rin lọ. Kùkùté ni Àǹtí bá nínú ọgbà rẹ̀. Ó ṣa èso tó wà nílẹ̀, ó fi se jáàmù, ó pín in fún gbogbo àdúgbò, ó fo ilé Alága.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ da iyọ̀ sínú ọgbà ẹ̀," ni mo wí.

"Kí ewéko wá jìyà ẹ̀ṣẹ̀ èèyàn? Fi í sílẹ̀. Bó bá fẹ́ rí Vienna tó ń sọ ṣáá yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló máa gbà."

Òótọ́ ni. Alága kò gba tíkẹ́ẹ̀tì ojú fóònù gbọ́. Ìwé tó ṣeé dì mú ló mọ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, òun àti ìyàwó tuntun rẹ̀, Irmina, já sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ń lọ ṣe fàájì ìgbéyàwó. Mo rẹ́rìn-ín sí i bí ẹni rí àna.

"Fèrèsé kẹrin ni, sà. Màdáámú ibẹ̀ mọṣẹ́ gan-an."

Nígbà tó rí ẹni tó jókòó síbẹ̀, ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó wá gbé àgbọ̀n sókè.

"Vienna, èèyàn méjì, ibùsùn inú ọkọ̀ òru, ọjọ́ Sátidé."

"Ẹ káàárọ̀, Alága. Irú yàrá wo lẹ ń..."

"Mi ò wá dáhùn ìbéèrè. Ibùsùn méjì, kíákíá."

"Ẹ ò fẹ́ kí n béèrè nǹkan kan?"

"Ẹ ṣáà tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìdí nìyí tí ìlà yín fi ń gùn."

Nínú ọkọ̀ òru, àwọn tí kò bá sọ pé àwọn fẹ́ wà pa pọ̀, ọkùnrin a lọ sí yàrá ọkùnrin, obìnrin a lọ sí ti obìnrin, ẹni mẹ́fà-mẹ́fà. Àǹtí kò bá Irmina jà: ibùsùn ìsàlẹ̀ ló fún un, níbi tó parọ́rọ́.

Mo na ọrùn síbi pátákó. "Àǹtí, àwọn afunfèrè márùn-ún tó ra tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí ńkọ́? Ibùsùn kan ṣì ṣófo ní yàrá wọn, lókè téńté."

"Mo ti fi í síbẹ̀ kó o tó la ẹnu."

Kò ju wákàtí kan lọ tí Alága fi padà dé. Irmina ló ka ìwé náà níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí.

"Ẹ ti yà wá sọ́tọ̀."

"Ẹ ò sọ pé ẹ fẹ́ wà ní yàrá kan náà."

"Ìyàwó mi nìyí."

"Ẹ kú oríire. Ẹ̀rọ ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ pààrọ̀ ẹ̀."

Àǹtí yí ojú ẹ̀rọ sí i. Ọkọ̀ ọjọ́ Sátidé ti kún bámúbámú.

"Nítorí igi yẹn ni."

"Igi wo, Alága? Ẹ gbóhùn sókè, àwọn ẹ̀yìn ò gbọ́."

Èèyàn mọ́kànlá ló wà lórí ìlà. Gbogbo wọn na ọrùn síwájú.

"Zbysław," Irmina bi ọkọ rẹ̀, "igi wo?"

Ó ní láti sọ ọ́, igi, opó àti ayùn. Ó ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń wálẹ̀, Irmina ń ní kó tún un sọ. Nígbà tó parí, ìyàwó yọ tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ.

"Ibùsùn tèmi dáa. A ó pàdé ní Vienna."

Wọ́n lọ, obìnrin níwájú, ọkùnrin lẹ́yìn. Mo bi Àǹtí bóyá ọkàn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Rárá. Igi yẹn ò hù padà." Ó nawọ́ sí ẹni tó kàn. "Ṣùgbọ́n màá sùn dáadáa lálẹ́ Sátidé."