Ìbúra Méjì Lórí Òrùlé Kan

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú. Ilé ńlá kan tó gùn gbọọrọ ni a wà, tí ọ̀gá wa gbà lọ́wọ́ bàbá onílé kan tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn kí n tó dé, àdéhùn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ni ìwé náà wà, mo sì mọ inú rẹ̀ dáadáa. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni a ó máa san owó ilé. Ó ní àtúnṣe òrùlé àti ògiri, ọrùn ayálégbé ló wà. Ó ní lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ kó jáde, a ó dá ilé náà padà bó ṣe wà kí a tó wọlé.

Nígbà tí bàbá onílé wà láyé, kò sẹ́ni tó ń wo ìwé yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, kí bàbá tó lọ kírun, á yà sí ọ́fíìsì mi, á jókòó, á béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí páànù kan bá ṣí lórí òrùlé, òun fúnra rẹ̀ ló ń rán kápẹ́ńtà wá.

"Ilé mi ni," ó máa ń wí. "Ẹ̀yin ẹ máa tẹ ìwé yín."

Bàbá kú. A kò tíì ṣe ogójì ọjọ́ rẹ̀ tí lẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyáálé, kọ̀wé pé òun ni olórí ẹbí báyìí, òun ni ká máa sanwó fún. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, lẹ́tà mìíràn dé láti Bàrígà, láti ọwọ́ ọmọ bàbá obìnrin tí ìyàwó kejì bí. Ó ní bàbá ti fi ilé náà ta ìyá òun lọ́rẹ nígbà ayé rẹ̀, ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, ẹni tó bá sì sanwó fún ẹlòmíràn, òun kò mọ̀ ọ́n lówó.

Ọ̀gá mi sanwó ọdún yẹn fún ọmọkùnrin náà, nítorí òun ló mọ̀. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin fi pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́jọ́, ó sì fi ilé iṣẹ́ wa pọ̀ mọ́ ọn. Bí a ṣe di olùjẹ́jọ́ nìyẹn, lórí ogún bàbá tí a kò bá wọn pín.

Lọ́yà tí ọ̀gá mú wá jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń jẹ ẹ̀pà bó bá ń ronú. Ó ka ìwé àdéhùn wa láti òkè dé ilẹ̀, ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára rẹ̀, ó ní ká má sanwó fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí kóòtù yóò fi sọ ẹni tó ni ilé. Ó sì fi ọ̀kan kún un.

"Ẹ má fọwọ́ kan òrùlé yẹn. Bàbá ló ń tún un ṣe nígbà ayé wọn, àwọn ọmọ wọn ló kàn. Bí ẹ bá kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn, ẹ ti gbà pé ọrùn yín ló wà nìyẹn."

Òjò ọdún náà kò mọ̀ pé ẹjọ́ wà ní kóòtù. Òrùlé jò ní ibi mẹ́ta, ibi tó sì ti ń jò jù ni orí kọ́tà, ẹ̀rọ tí a fi ń gé ìwé. Abẹ rẹ̀ gùn ju apá àgbàlagbà lọ, ó sì ń gé òkìtì pépà bí ẹni gé ẹ̀kọ. Iná kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí a ń pè ní ojú. Bí ọwọ́ èèyàn bá kọjá síbi ojú yẹn, abẹ náà kò ní sọ̀ kalẹ̀. Omi wọ inú rẹ̀, ojú náà kú.

Rẹwáyà wá wò ó, ó ní ká ra tuntun. Ọ̀gá ní òun kò ní ra ojú tuntun kí òjò tún pa á, nígbà tí a kò lè tún òrùlé ṣe. Iṣẹ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì ti kún ilẹ̀. Ó ní kí rẹwáyà so wáyà méjì tó lọ síbi ojú náà pọ̀ kí ẹ̀rọ náà máa ṣiṣẹ́ láìlójú. Mo dúró níbẹ̀ nígbà tó sọ ọ́.

Ọkùnrin kan ló ń lo kọ́tà náà. Ó ti bá wa ṣiṣẹ́ fún ọdún méje, kò tíì pé ogójì ọdún, Ìlàjẹ ní Bàrígà ló ti ń wá. Ó máa ń gé etí ìwé àkọsílẹ̀ mi kó dọ́gba láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n so wáyà náà, ó wá bá ọ̀gá lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, kọ́tà yìí ò ríran mọ́ o."

"Fi ojú tìẹ ríran," ọ̀gá dá a lóhùn, ó sì wọ ọkọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni lọ́yà ní kí ẹnìkan nínú wa búra fún kóòtù nípa bí ilé ṣe rí, kí adájọ́ lè mọ ìyà tí àwọn ọmọ onílé fi ń jẹ wá. Èmi ni wọ́n yàn, nítorí èmi ni mo pẹ́ jù níbẹ̀. Mo tẹ ìwé náà fúnra mi. Mo ní òrùlé ń jò. Mo ní bàbá ló ń tún un ṣe kó tó kú. Mo ní omi ti ba ojú kọ́tà jẹ́, ẹ̀rọ náà sì ti di ewu fún ẹni tó ń lò ó. Mo lọ sí kóòtù, mo búra, ọkàn mi sì mọ́, nítorí kò sí irọ́ kankan níbẹ̀. Bí a ṣe búra pé ẹ̀rọ ti di ewu tí a sì ń fi ọmọ ọlọ́mọ sídìí rẹ̀ láràárọ̀, n kò ronú kan ìyẹn. Ó yẹ kí n ronú kàn án.

Kò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà. Ọ̀sán ni, mo ń mu gààrí. Gbogbo ẹ̀rọ ló ń pariwo, nítorí náà n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ ń dákẹ́, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, ó dúró, ó ń wo orí pépà bí ẹni tí nǹkan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìka mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò nìkan ló kù.

Ọkọ̀ ọ̀gá la fi gbé e lọ sí ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì. Mo di ọwọ́ náà mú nínú táwẹ̀lì lórí itan mi. Kò sunkún. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyàwó mi lórí fóònù. Ẹ lọ bá a."

Mo lọ bá a ní ìrọ̀lẹ́ náà. Ó wà nídìí ẹja tó ń yan létí ọ̀sà, èéfín bò ó dé ọrùn. Nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀ lára bùbá mi, ó rọra fi ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lélẹ̀, ó ní, "Ṣé ó wà láyé?" Mo ní ó wà láyé. Ó ní, "Kí ló wá kù?" N kò mọ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ọ̀gá mi kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó sanwó iṣẹ́ abẹ, ó lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé èso dání. Nígbà tí lọ́yà gbọ́, ó ní kó dáwọ́ dúró, nítorí ẹni tó bá ń sanwó ti gbẹ̀bi. Ọ̀gá dáwọ́ dúró. Kò gbé fóònù ọkùnrin náà mọ́. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, ìwé ìpẹ̀jọ́ kejì dé, láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin náà, èmi ni mo sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ pé a ti rí i gbà.

Lọ́yà kọ èsì wa lọ́wọ́, ó fún mi láti tẹ̀. Ó ní kò sí ohun tó ṣe kọ́tà náà. Ó ní omi kò dé ibẹ̀ rí. Ó ní ọkùnrin náà ló so wáyà pọ̀ fúnra rẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá kó lè tètè máa lọ sílé. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ èmi ló tún wà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò búra.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá.

"Ọ̀gá, mo ti búra lórí òrùlé yìí tẹ́lẹ̀. Mo ní ó ń jò sórí kọ́tà."

Ó bojú wo fèrèsé. "Kóòtù méjì ni. Adájọ́ méjì ni. Wọn kì í jọ jẹun."

"Sà, èmi kan náà ni."

"Bí a bá pàdánù èyí, ilé iṣẹ́ yìí ti parí nìyẹn. Gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ yẹn á lọ sílé. Ìwọ náà ńkọ́? Níbo lo máa lọ?"

Opó ni mí. Ọmọ mi méjì wà ní yunifásítì nígbà yẹn. Mo tẹ ìwé náà, mo lọ sí kóòtù, mo gbé Bíbélì sókè, mo búra. Akọ̀wé kóòtù tó gba ìwé lọ́wọ́ mi kò wo ojú mi, inú mi sì dùn pé kò wò ó.

Wọ́n sún ẹjọ́ náà síwájú títí a fi gbàgbé iye ìgbà. Nígbà mìíràn adájọ́ kò wá, nígbà mìíràn kò sí iná. Ọkùnrin náà kò pa ọjọ́ kan jẹ. Á fi ọwọ́ ọ̀tún sínú àpò ṣòkòtò, á kí mi, "Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o," èmi á sì mi orí sí i.

Ọjọ́ tó kàn mí láti jẹ́rìí, ìyá àgbà kan ni lọ́yà ọkùnrin náà. Ó kọ́kọ́ gbé ìwé ìbúra mi kejì fún mi, ó ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó wá na ìwé mìíràn sí mi. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó gbà á, nítorí èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó ti lọ gba ẹ̀dà rẹ̀ ní kóòtù tí ẹjọ́ ilé wà, níbi tó wà fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè. Mo ka ìyẹn náà.

"Màmá," ó pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ, "èwo ni òtítọ́ nínú méjèèjì?"

Lọ́yà wa dìde láti sọ̀rọ̀. Adájọ́ ní kó jókòó.

"Ti àkọ́kọ́ ni, mà," ni mo sọ.

"Ta ló so wáyà?"

"Rẹwáyà ló so ó. Ọ̀gá wa ló ní kó so ó. Mo wà níbẹ̀."

Adájọ́ bá mi wí lójú gbogbo èèyàn. Ó ní ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ni mo ń rìn, àti pé nítorí mo padà sọ òtítọ́ ni òun kò ṣe ní kí wọ́n tì mí mọ́lé lọ́jọ́ náà. Mo dúpẹ́. N kò tíì dú ọpẹ́ tó korò tó bẹ́ẹ̀ rí. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀gá dúró dè mí. Kò pariwo.

"O ti pa wá," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Lọ́jọ́ kejì, mégáàdì gbé báàgì mi àti ife tí mo fi ń mu tíì fún mi lẹ́nu géètì. Ojú ń tì í ju èmi lọ.

Wọ́n máa ń ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ onílé méjèèjì ṣe é. Ẹnìkan fẹ́ ra ilé náà, wọ́n sì gbà láti tà á kí wọ́n pín owó rẹ̀. Wọ́n parí ẹjọ́ àárín ara wọn, wọ́n wá kọjú sí ilé iṣẹ́ wa pọ̀. Lórí gbogbo owó ilé tí lọ́yà ní ká má san, àti àtúnṣe òrùlé tó ní ká má ṣe, wọ́n gbé ìwé àdéhùn síwájú adájọ́, ó sì dá wọn láre. Ọ̀rọ̀ tí bàbá ń sọ láàárọ̀ Jímọ̀ kò sí nínú ìwé. Àwọn bélíìfù kóòtù wá, wọ́n fi kéréènì kó àwọn ẹ̀rọ jáde. Mo wò wọ́n láti òdìkejì títì. Wọ́n kó kọ́tà náà pẹ̀lú wọn.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, kóòtù kejì dá ọkùnrin náà láre. Adájọ́ ní kí ilé iṣẹ́ sanwó gbà-má-bínú fún un, ṣùgbọ́n kò sí ilé iṣẹ́ mọ́. Ọ̀gá ti kó lọ sí yàrá kan ní Pedro, ó ń fi ẹ̀rọ kékeré kan tẹ káàdì, lábẹ́ orúkọ mìíràn. Lọ́yà rẹ̀ ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo lọ kí ọkùnrin náà àti ìyàwó rẹ̀ ní Ìlàjẹ lẹ́ẹ̀kan. Ọkùnrin náà ń fi ọwọ́ òsì to ẹja sínú apẹ̀rẹ̀, kò sì yára. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi fún mi, ó padà sídìí iná, kò bá mi jókòó. A sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ. Ọkùnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún ohun tí mo sọ ní kóòtù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Ìgbà tí ẹ búra lẹ́ẹ̀kejì, ṣé wọ́n ti sọ fún yín pé èmi ni mo so wáyà, tí ẹ sì gbà wọ́n gbọ́?"

Mo lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rò ó.

"Rárá," ni mo sọ. "Mo mọ̀ pé ìwọ kọ́."

Ó mi orí. Ó to ẹja méjì sí i.

"Mo ti ń sọ fún ìyàwó mi pé ẹ ò mọ̀ ni," ó ní.

Ó sìn mí dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń dúró sí, ó sì bá mi ná owó ọ̀kadà. N kò tíì padà lọ síbẹ̀.