Àtàǹpàkò Ìyàwó Mi Nínú Kọ̀ǹpútà Káńsù

Nígbà tí mò ń ṣọ́ yàrá ìwé ní káńsù wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, eku kan jẹ fáìlì kan láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo jókòó, mo ka gbogbo rẹ̀ fún akọ̀wé láìwo nǹkan kan, ó ń fi táípù tẹ̀ ẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó sọnù. Eku náà gan-an jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń mi orí, torí bí mo ṣe kà á ló ṣe jẹ ẹ́. Ìwé mẹ́rin péré sì ni mo kà o.

Mo ti fẹ̀yìntì kí wọ́n tó dá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló wà níbẹ̀, nínú yàrá òkè kan tó tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja pamọ́ sí. Àwọn ìwé ńláńlá tí mo fi èjìká gbé láyé ọjọ́un, wọ́n ń ya àwòrán ewé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà: ìwé ìbí, ìwé ṣọ́ọ̀bù ọjà, ìwé ìgbéyàwó. Wọ́n ní ẹni tó bá ń wá ìwé kò ní dúró de ẹni tó lọ jẹun mọ́. Èmi ni wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, gbogbo káńsù á káwọ́ lérí, látorí ọ̀gá pátápátá dórí ẹni tó ń ṣí géètì.

Ìyàwó mi ló gbé mi débẹ̀. Ó ti kú, òjò tó wọlé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan sì ti ba gbogbo fọ́tò rẹ̀ jẹ́. Ìtẹ̀ka tó tẹ̀ sínú ìwé ìgbéyàwó wa nìkan ló kù, torí kò mọ̀wé kọ. Gàrí ló ń tà ní Èbúté Èrò. Àtàǹpàkò yẹn náà ló máa ń kì bọnú kóńgò bó bá ń wọn gàrí, tí oníbàárà á fi sanwó gàrí, á sanwó ìka. Mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú mi tó ṣókùnkùn.

Obìnrin tó jẹ́ olórí ẹ̀ka náà kúnlẹ̀ kí mi, ó bi mí ní ọdún tí a ṣègbéyàwó. Mo dárúkọ ọdún kan. Kò sí. Mo dárúkọ òmíràn. Kò sí.

"Bàbá, wọ́n ní gbogbo ìwé ilé yìí lẹ mọ̀ lórí," ó ní. "Ṣé ti ìyàwó yín nìkan lẹ gbàgbé?"

Mo ní ojú ẹ̀ ni mò ń wò lọ́dún náà, mi ò ráyè wo kàlẹ́ńdà. Ó rẹ́rìn-ín, ó bèèrè orúkọ ìyàwó mi. Mo sọ ọ́, kí n tó sín, ewé ìgbéyàwó wa ti yọ lójú gíláàsì kọ̀ǹpútà.

Orúkọ tèmi wọ́ níbẹ̀ bí ẹsẹ̀ alákàn. Ìtẹ̀ka ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, dúdú, ó yẹ̀ sápá kan díẹ̀, torí mo sọ ọ̀rọ̀ kan sí i létí lọ́jọ́ náà, ẹ̀rín sì pa á. Olórí ẹ̀ka náà mú un fẹ̀ sí i lójú gíláàsì, àwọn ìlà rẹ̀ wá dà bí kọ̀rọ̀ àdúgbò wa, èyí tó yí ká, èyí tó dí lójijì. Mo fọwọ́ kàn án. Gíláàsì lásán ni, ó tutù.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ jáde fún mi sórí ìwé, kó tóbi bó ṣe tóbi gan-an, kí n lè máa gbé ìka tèmi lé e. Ó ní ẹ̀rọ wọn ti sọ gbogbo ewé di ìwọ̀n kan náà, ikán sì ti ba ìwé gangan jẹ́.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún mi, Bàbá. Màá máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Tó bá tó bẹ́ẹ̀, ẹ ní ó tó."

Ó ń dín in kù, mo tẹjú mọ́ ọn.

"Ó tó," mo ní.

Abẹ́ ìrọ̀rí mi ni ìwé náà wà báyìí. Gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ni mo ń fi hàn, mo ń sọ fún wọn pé bí ìka rẹ̀ ṣe tóbi gẹ́lẹ́ nìyẹn, pé mo dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Irọ́ ni mo pa níbẹ̀. Mi ò rántí bí àtàǹpàkò rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ibi tí omijé ti bò mí lójú ni mo ti ní ó tó.