Òkúta Pupa Tí A Ná Tí Mi Ò Rà

Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ni àwọn èèyàn ti ń sọ ohun tó yẹ kí opó fi sọ́wọ́ àti ohun tí kò yẹ fún mi. Òrùka ìgbéyàwó mi, èmi fúnra mi ni mo tà á kí àbíkẹ́yìn mi lè ṣèdánwò, mi ò sì sunkún sí i. Àmọ́ mo sọ fún ara mi lọ́jọ́ náà pé tí ọmọ yìí bá jáde yunifásítì, màá ra òrùka mìíràn, rúbì ló máa wà lórí ẹ̀, rúbì tòótọ́. Aránṣọ ni mí ní Mowé. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń rán aṣọ tí ẹlòmíràn ń wọ̀ ròde. Tí òkúta pupa bá wù mí, ta ni màá kọ́kọ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀?

Ọmọ jáde lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní kí n fi owó tí mo ti tọ́jú fún òrùka náà ra búlọ́ọ̀kù. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo ti gbọ́ sà, mo sì ń bá tèmi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ló gbè mí lẹ́yìn, wọ́n ní àwọn máa bá mi lọ torí mi ò mọ ọjà ná. Òótọ́ ni. Tí oníṣu bá rí ẹ̀gbọ́n mi lókèèrè, á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná.

Fún oṣù mẹ́ta, tí mo bá ti kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, fóònù ni mo máa ń gbé. Mo kà pé káràtì ni wọ́n fi ń wọn rúbì, àti pé bí ọ̀kan bá tóbi ní ìlọ́po méjì ju èkejì lọ, owó ẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, torí ńlá ṣọ̀wọ́n. Àwọ̀ ló ń gbówó lé e jù: kó pupa dáadáa, kó má dúdú, kó má sì ṣì. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti fi iná sè kí àwọ̀ ẹ̀ lè jáde, ìyẹn ò burú. Àmọ́ tí wọ́n bá fi gíláàsì dí ibi tó ti sán, owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gan-an. Èyí tó tóbi, tó mọ́ lóló, tó tún jẹ́ pọ́ọ́kú, kéèyàn sá fún un ni.

Ìbàfò la kọ́kọ́ lọ. Iná ṣọ́ọ̀bù oníwúrà tá a wọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Ọkùnrin tó ń tajà gbé òkúta kan tó tó ọmọ ẹ̀pà síwájú wa, ó ní rúbì gidi ni, ọ̀ọ́dúnrún ẹgbẹ̀rún náírà. Ẹ̀gbọ́n mi dá ogún ẹgbẹ̀rún lé e. Ó rẹ́rìn-ín, ó já a sí igba. Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì, a ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó fi pè wá padà. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi sún un dé ogójì, ó ní ká mú un wá. Ẹ̀gbọ́n mi fún mi lọ́wọ́ mú, inú wọn dùn gan-an.

Ta ló ń fi ọ̀ọ́dúnrún sílẹ̀ gba ogójì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá? Aṣọ ni iṣẹ́ mi, mi ò sì í gba àwọ̀ aṣọ gbọ́ lábẹ́ iná. Mo gbé òkúta náà jáde sínú oòrùn. Ó ṣì bíi sóbò tí wọ́n bu omi lù, ìfòfó róbótó róbótó sì wà nínú ẹ̀, bó ṣe máa ń wà nínú gíláàsì. Mo padà wọlé, mo gbé e sórí tábìlì, mo ní mi ò rà á mọ́.

Gbogbo wa la mọ òfin ọjà. Tó o bá dá owó lé nǹkan, tí ọlọ́jà ní kó o mú un wá, ó ti parí nìyẹn. Ọkùnrin náà fẹnu lé e pé a ti ná an, òun sì ti gbà, a máa rà á ni. Àwọn èèyàn ń yọjú. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ ọ́ sí mi létí pé kí n má dójú ti àwọn, kí n sanwó ká máa lọ. Ojú tì mí, mi ò ní purọ́. Àmọ́ inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ.

Mo ní, "Gíláàsì kọ́ la ná, rúbì la ná. Gbé rúbì tá a ná wá, màá sanwó ẹ̀ báyìí."

Ọkùnrin náà kó nǹkan ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Mowé, odidi oṣù méjì ni wọn ò sì gbé fóònù mi. Ó dùn mí.

Èmi nìkan ni mo lọ sí Ìfọ̀. Oníbàárà mi kan ló júwe bàbá alágbẹ̀dẹ wúrà kan fún mi níbẹ̀. Ìta ni bàbá náà jókòó sí, nínú ìmọ́lẹ̀ ọjọ́. Wọ́n tú bébà kékeré kan, òkúta tí kò tó ẹyọ ẹ̀wà kan ló wà níbẹ̀, wọ́n sì pè é ní ọ̀tàlénígba ẹgbẹ̀rún. Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, mo ti ní kí wọ́n gba ọgọ́rùn-ún. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Ọmọ mi, o ò tíì wò ó, o ti ń ná an."

Wọ́n fún mi ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Mo rí àwọn ìlà tín-ín-rín bíi fọ́nrán òwú, mo sì rí àmì tóótó dúdú kan létí ẹ̀. Bàbá fúnra wọn ló tún tọ́ka sí tóótó náà. Wọ́n ní tí kò bá sí èyí, owó ọwọ́ mi ò lè ká a. Wọ́n ní iná sè é, gíláàsì ò sí níbẹ̀, ìwé àyẹ̀wò ẹ̀ nìyí, kí n gbé e lọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wù mí kó tún un yẹ̀ wò. Wọn ò já kọ́bọ̀. Mo rà á, wọ́n sì fi ṣe òrùka fún mi.

Àwọn obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ mọ ọkùnrin tó rà á fún mi. Mo ní ẹ̀rọ ìránṣọ ni orúkọ ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ẹ̀gbọ́n mi dédé wọlé dé. Mo kúnlẹ̀, wọ́n dáhùn, wọn ò mẹ́nu ba ìjà. Wọ́n bọ́ òrùka olókùúta pupa tí ọkọ wọn fún wọn nígbà tí ìgbéyàwó wọn pé ogún ọdún, wọ́n ní kí n bá àwọn wò ó. A jáde sínú oòrùn. Mo wò ó pẹ́. Ọmọ ìyá mi ni, irọ́ ì bá rọrùn.

Mo ní, "Gíláàsì ni, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọn ò fi í sọ́wọ́ mọ́, inú báàgì ni wọ́n jù ú sí. Wọ́n bi mí bóyá bàbá Ìfọ̀ tí àwọn gbọ́ pé mo ra tèmi lọ́wọ́ wọn máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ní tí wọ́n bá ti kírun tán, wọ́n á ṣí i.

Wọ́n ní, "Wọ bàtà ẹ, ká máa lọ. Mi ò ní ná an."