Lò Ó Tán O!

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Ìdànrè, nígbà tí mo ṣì jẹ́ tíṣà kékeré. Ẹnì kan nínú yín ló fà á. Níjẹta, ó kọ ọ́ sórí gúrúùpù wa pé oògùn tí dókítà fún òun ṣẹ́kù, kí ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá ń ṣe wá gbà á. Gbogbo yín ń kí i pé ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bù kún yín. Èmi ò lè kí i. 

Ọdún tí ìjọba alágbádá dé ni, tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kó ọmọ kún kíláàsì mi títí àwọn kan fi ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo gba yàrá kan ní Odode, nínú Ìdànrè níbẹ̀, nílé Bàbá Wòlíì, àgbàlagbà Aládùúrà kan tó ń ṣe oko kòkó. Lọ́jọ́ tí mo kó wọlé, ó sọ òfin ilé fún mi: a kì í wọ bàtà wọ yàrá àdúrà, a kì í mu sìgá, oògùn kankan kò sì gbọdọ̀ wọ ilé náà. Mo ní ẹ ṣeun, sà. Ọmọ Áńgílíkà ni mí o! Inú agolo mílíìkì ni mo ń kó tèmi pa mọ́ sí.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Rẹ̀mí, ló di ọ̀rẹ́ mi. Aránṣọ ni. Òun ló rán gbogbo síkẹ́ẹ̀tì tí mo ń wọ̀ lọ síléèwé, kò sì yé fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò sí ìdí tí síkẹ́ẹ̀tì fẹ́ dì mú.

Ibà wá mú un. Ọjọ́ kìíní, àdúrà. Ọjọ́ kejì, omi àdúrà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, ó kan fèrèsé mi láàárọ̀ bí mo ṣe ń múra iléèwé, ètè rẹ̀ ti bó. Ó ní kí n dákun fún òun nínú nǹkan inú agolo yẹn. Ṣé kí n ní mi ò ní? Ọ̀rẹ́ mi ń gbọ̀n níwájú mi!

Oògùn ibà kíkorò yẹn ni, èyí tó máa ń yún ni lára. Èyí tí èmi fúnra mi ò lò tán wà níbẹ̀, odindi ìdì kan tí mo rà lọ́wọ́ Bọ̀dá Àkànní oníkẹ́míìsì náà sì wà níbẹ̀. Mo pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìwé tí Bọ̀dá Àkànní fi dì í. Mo fẹ́ ṣàlàyé iye tó máa lò lónìí àti iye tó máa lò lọ́la. Ni agogo bá dún nínú yàrá àdúrà. Bàbá ń jáde bọ̀! Rẹ̀mí ki ìdì náà bọ etí ìró. Mo rántí ohun tí nọ́ọ̀sì máa ń pariwo mọ́ wa, pé ẹ má lò ó dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Mo bá sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Lò ó tán o!"

Mo tún ń yangàn lọ síléèwé pé mo ti ṣe bíi nọ́ọ̀sì.

Rẹ̀mí lò ó tán. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló lò ó tán, torí níbo ló ti fẹ́ rí àyè fi pa mọ́ di ọ̀la? Nígbà tí mo fi máa dé láago méjì, ìyá rẹ̀ ti fi takisí gbé e lọ sí ọsibítù l'Ákùúrẹ́. Kò padà wá láàyè.

Dókítà ní oògùn àlòjù ni. Ọlọ́pàá rí ìwé nínú ìró rẹ̀, gbogbo Odode ló sì mọ̀ pé Bọ̀dá Àkànní ló ń fi ìwé ọmọléèwé di oògùn. Wọ́n gbé e. Ó ń búra pé òun ò ta nǹkan kan fún ọmọ náà. Òótọ́ ni. Èmi ló tà á fún!

Ẹ gbà mí, ọ̀nà wo ni ǹ bá gbà? Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹ̀wọ̀n ń bẹ níwájú, iṣẹ́ tíṣà sì parí. Rẹ̀mí náà á di ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ yẹ̀, bàbá rẹ̀ á gbọ́ pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi tọrọ oògùn. Bí mo bá dákẹ́, aláìṣẹ̀ ń jìyà ní àtìmọ́lé, ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé oúnjẹ rẹ̀ kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi láràárọ̀. Mo wo ọ̀tún, àpáta. Mo wo òsì, àpáta. Ìdànrè kúkú ni. Mi ò lè jẹun. Ìyá Rẹ̀mí ló tún ń bẹ̀ mí kí n jẹun!

Lọ́jọ́ kẹfà tí Rẹ̀mí kú, Bàbá Wòlíì pè mí sí pálọ̀. Ó ní èmi ni mo mọ̀wé nínú ilé, kí n bá òun kọ ìwé sí ọ̀gá ọlọ́pàá. Ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, mo ń fi gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́. Ó ní ọmọ òun kò fẹnu kan oògùn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, wọ́n tàn án ni. Mo kọ ọ́. Ó ní ẹni tó fún un lóògùn, kí ìjọba má dá a sí.

Bíírò mi dúró. Ó ní ṣé gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ le ni?

Mo ní, "Bàbá, èmi ni." Mo bú sẹ́kún, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, agolo, fèrèsé, agogo.

Kò pariwo. Ó béèrè ohun tí mo sọ gan-an nígbà tí mo ń gbé e fún un. Mo ní mo sọ pé kó lò ó tán.

Ó mi orí. Ó ní, "Ó gbọ́ràn. Rẹ̀mí kì í ṣàìgbọràn." Lẹ́yìn náà ló sọ fún mi pé lọ́jọ́ kejì ibà náà, ó bẹ òun pé kí òun jẹ́ kó lọ sọ́sibítù. Òun ní rárá. Ó gbọ́ràn nígbà yẹn náà.

Ó wọ sùtánà rẹ̀, a jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Wọ́n tú Bọ̀dá Àkànní sílẹ̀, èmi ni wọ́n tì mọ́lé kí wọ́n tó gba bélì mi. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń lọ kóòtù. Mo ń sọ fún lọ́yà mi ṣáá pé mo fẹ́ràn ọmọ yìí. Ó ní òfin ò bi mí léèrè ìyẹn, ohun tí òfin ń béèrè ni bóyá mo ṣọ́ra tó. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bàbá jẹ́rìí fún mi, nígbẹ̀yìn ìjọba fa ẹjọ́ náà padà. Àwọn èèyàn ń kí mi kú oríire. Oríire wo? Ìyá Rẹ̀mí ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, oògùn kì í ṣe iyọ̀ tí à ń bù fún ará ilé kejì. Ẹni tó fẹ́ pín tirẹ̀ nínú gúrúùpù wa, mo bẹ yín, ẹ má fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń di ọ̀nà ọsibítù mọ́ ọmọ yín, ẹ rántí Bàbá Wòlíì.

Ta ló ti fún ẹlòmíràn lóògùn rẹ̀ rí nínú yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ẹ má kàn sọ fún mi pé ẹ ṣàlàyé fún un dáadáa o. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu yín lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì tún un kà.