Ohun Tó Wọ Inú Gìtá Ọkọ Mi

Yàrá tí a ti ń kó iṣu sí lẹ́yìn ilé wa ní Ìlọrà ni ọkọ mi sọ di ibi iṣẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan gìtá. Akọ̀wé ni nílé iṣẹ́ ìjọba kan ní Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ṣẹ́ káfíńtà díẹ̀ nígbà èwe, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé. Láti ìgbà ọyẹ́ ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ṣọ, á dáná èédú, á ki páìpù irin bọ iná, á wá máa tẹ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ti rẹ sómi mọ́ páìpù náà títí pákó yóò fi gbà láti tẹ̀. Èmi ni mo máa ń bá a di etí kejì mú. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́, ojú rẹ̀ á fàro. Á wò ó títí, á sì mú òmíràn.

Ìyá ọkọ mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, kò fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Wọ́n ní gìtá kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń gbowó oṣù ń gbé lé itan.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, okùn nìkan ló kù kí gìtá náà parí. Ọkọ mi wọ mọ́tò lọ rà á ní Ìbàdàn, ó sì ní kí n bá òun fi sáńpépà ra ẹ̀yìn gìtá náà. Mo tẹ́ ọmọ wa obìnrin, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákò, sórí ẹní ní igun yàrá náà. Ó ti sùn. Mo lọ ṣí fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ìgbà tí mo yíjú padà, mo rí ìrù.

Dúdú ni, ó ń dán, ó ń wọ́ wọ inú ihò ojú gìtá lórí tábìlì. Mi ò ronú rárá. Mo mú pákó pẹlẹbẹ kan, mo fi dé ihò náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Bí mo bá gbé ọwọ́ kúrò, ejò á jáde. Bí mi ò bá gbé e kúrò, mi ò lè gbé ọmọ mi.

Mo pe, "Màmá!" Ohùn mi kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ. Ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú ni Màmá wà, etí wọn kò sì gbọ́ dáadáa mọ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí láti pariwo, torí bí ọmọ bá jí, ọ̀dọ̀ mi ni yóò rá wá.

Ejò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ọkọ mi ti fá pákó ojú gìtá náà títí ó fi fẹ́lẹ́, kò sí bó ṣe yí tí àtẹ́lẹwọ́ mi ò mọ̀. Àpótí náà tún ń sọ ọ́ di ariwo, bí ẹni ń wọ́ àpò ọkà lórí sìmẹ́ǹtì. Lójijì ó fẹ́ fùùù lábẹ́ ọwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Sáàmù, mi ò rántí ju "Olúwa, Olúwa" lọ.

Ọmọ jí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó rá wá, ó di ìró mi mú, ó fẹ́ dìde. Mo wá figbe ta, igbe tí mi ò mọ̀ pé ó wà nínú mi. Ẹ̀rù ba ọmọ, òun náà fi ẹkún sí i.

Ẹkún ọmọ ni Màmá gbọ́. "Ìyàwó, kí lo fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe?" Wọ́n ti ń bínú bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ gbé ọmọ, Màmá. Ejò wà nínú gìtá."

Wọ́n gbé ọmọ jáde lọ fún aládùúgbò. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bó ṣe ń jìnnà, mo sì gbà lọ́kàn mi pé wọn ò ní padà. Wọ́n padà. Wọ́n fa rọ́bà gígùn kan yọ lára ògiri, èyí tí ọkọ mi gé lára tíúbù kẹ̀kẹ́ láti fi máa di gìtá títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ.

"Gbé gìtá sókè kí n rí ààyè fi rọ́bà kọjá lábẹ́ rẹ̀."

"Màmá, mi ò lè gbé e."

"Ìwọ tí o dì í mú láti àárọ̀? Gbé e!"

Mo fi ìgúnpá tẹ pákó, mo fi ọwọ́ kejì gbé ọrùn gìtá. Ìwúwo inú rẹ̀ yọ̀ lọ sí ìdí. Màmá fi rọ́bà yí i ká, wọ́n fà á le, wọ́n tún yí i, títí pákó kò fi lè mì mọ́.

Ọjọ́ ti rọ̀ kí ọkọ mi tó dé, tòun ti okùn tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ohun tó ń wọ́ nínú gìtá rẹ̀.

Màmá sọ ti ejò náà fún un, wọ́n ní, "Kẹrosíìnì wà nílé. Sun ún."

Ó wò mí. "Ìwọ ńkọ́?"

Sísun náà ló wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀, ojú tó máa ń ṣe bí pákó bá ṣẹ́. Mo ní, "Ẹ gbé e lọ sínú oko ẹ̀gẹ́ ẹ̀yìn ilé, kí ẹ ṣí i níbẹ̀."

Ó na apá síwájú gbọọrọ, ó di gìtá mú lọ́rùn, ó ń rìn bí ẹni tó gbé omi gbígbóná. Mo gbé àdá tẹ̀ lé e, mò ń bẹ rọ́bà kó má já. Ní ìpẹ̀kun oko ẹ̀gẹ́, ó gbé e kalẹ̀, ó so ọ̀bẹ mọ́ ọ̀pá gígùn, ó gé rọ́bà náà. Pákó yọ̀ ṣubú. Kò sí ohun tó jáde. A dúró títí a ò fi rí ilẹ̀ mọ́, a sì fi í sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìrì ti yọ́ gọ́ọ̀mù, ẹ̀yìn gìtá ti ya. Ọkọ mi fi ọ̀pá yí i, ó sì wo inú rẹ̀. Òfìfo ni.

"Ó ti lọ!" Inú rẹ̀ dùn.

Inú tèmi kò dùn. Nígbà tó wà nínú gìtá, mo mọ ibi tó wà. A kó gbogbo ẹrù yàrá náà síta, a ro koríko, a fi sìmẹ́ǹtì dí ihò èkúté, síbẹ̀ mi ò gbé ọmọ sílẹ̀. Ẹ̀yìn mi ló wà tí mo bá ń gbálẹ̀, ẹ̀yìn mi ló wà tí mo bá ń dáná, títí àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì fi ń bèèrè bóyá ẹsẹ̀ ló ń dùn ún tí kò fi rìn.

Ọkọ mi tún gìtá lẹ̀, ó ta okùn sí i. Ọ̀ọ̀dẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ta á. Ìgbà tí okùn tó nípọn jù dún, àtẹ́lẹwọ́ mi ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo dìde wọlé. Ọkọ mi kò tún ní kí n bá òun di pákó mú mọ́.

Màmá ló wá di olùgbọ́ rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, wọ́n á ní, "Ṣé o ò ní ta nǹkan yẹn lónìí ni?" Wọ́n á fa àpótí ìjókòó kan mọ́ra, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé e nítorí ejò, wọn ò sì ní sọ̀ wọ́n kalẹ̀ títí ọkọ mi á fi gbé gìtá rẹ̀ kọ́ ara ògiri.