Ọkọ̀ Tó Sún Mọ́lẹ̀ Jù

Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí wọ́n tó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, lójú ọ̀nà Òṣogbo níbí ní Ẹdẹ. Èmi nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Bí oníbàárà bá bi mí ní nǹkan, orí ni mo máa ń mì. Iṣẹ́ abẹ́ ọkọ̀ tù mí lára, torí wọn kì í retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì gbé ọkọ̀ kan wá, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá. Ó di ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin, irin tó ń gbé ara ọkọ̀ dúró lórí táyà, sínú páálí. Òrùka irin wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: bí a bá yí i sókè, ọkọ̀ á ga, bí a bá yí i sísàlẹ̀, á sún mọ́lẹ̀. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá irú ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀. Àlàfo ìka méjì péré ló fẹ́ láàárín táyà àti irin tó bò ó. Màmá rẹ̀ bá a wá láti ìlú Ara, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wò wá.

Ọ̀gá mi kì í fún bóòtù pa nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ṣì ń fì lórí jáàkì, torí rọ́bà tí bóòtù gba inú rẹ̀ kọjá á lọ́, á sì tètè já. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, kí àwọn tó máa ń gùn ún sì jókòó sínú rẹ̀. Nítorí náà, lẹ́yìn tí a de àwọn ṣọ́ọ̀kì náà, tí a sì gbé ọkọ̀ sílẹ̀ lórí kòtò tí a ń wọ̀ ṣiṣẹ́, ọmọ àti ìyá wọlé. Mo wọ kòtò, mo fún gbogbo bóòtù náà.

Nígbà tí mo jáde, ọmọ ti bọ́ síwájú ọkọ̀, ó ń ya fọ́tò. Màmá na ẹsẹ̀ síta, wọ́n di ilẹ̀kùn mú, wọn ò lè dìde. Wọ́n tún gbìyànjú. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Wọ́n fi ìka lé ètè.

"Má sọ fún un. Inú rẹ̀ ń dùn."

Dídákẹ́ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé. Àmọ́ mo rò ó pé bí ọkọ̀ yìí bá lọ bẹ́ẹ̀, Màmá á máa wá àwáwí títí wọn ò fi ní bá a jáde mọ́, ọmọ ò sì ní mọ ìdí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo ní, ojú mi wà nílẹ̀, "ẹ wá fa Màmá dìde."

Ó wá tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó fa ọwọ́ kan, wọn ò dìde. Apá méjèèjì ló fi gbá wọn mú kó tó gbé wọn jáde, kò sì tètè fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ló bi, kì í ṣe ọ̀gá mi: "Ṣé ó ṣì lè ga sí i?"

"Ó lè ga, sà."

A tú gbogbo ohun tí a ti fún, a yí àwọn òrùka náà sókè. Ọ̀gá mi kùn díẹ̀, wọ́n sì fi sípánà lé mi lọ́wọ́. Màmá wọlé, wọ́n ní kò tíì tó. A tún yí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn dìde, wọ́n gbọn ìró wọn. Ìka mẹ́rin ló wọ àlàfo náà.

Màmá fi etí ìborùn wọn nu epo kúrò lójú mi. "Ọmọ yín yìí," wọ́n sọ fún ọ̀gá mi, "ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀."

Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lé táyà. Kò sẹ́ni tó bú mi bẹ́ẹ̀ rí.